Awọ Ikùn Ayára, Awọ Ikùn Alọ́ra: Ẹ̀kọ́ Lórí Fífọ Ẹ̀jẹ̀ Nílé

Ẹ̀kọ́ tí a sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí jẹ mọ́ ìwé owó, èlé àti ètò ìdìbò. Ti ẹ̀ẹ̀kan yìí yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ni ó gbé e wá. Nínú ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ owó yíyá, ibi kan wà tí a ti ń béèrè ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe. Ìdáhùn tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni oko kòkó, ilé kíkọ́, owó ilé-ìwé ọmọ àti ọjà títà. Nísinsìnyí, a tún ń rí "ìtọ́jú kíndìnrín" níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí yóò fọwọ́ sí irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òye díẹ̀ nípa ohun tí owó náà fẹ́ rà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ní òye nípa ajílẹ̀ àti oògùn kòkó.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé owó ni mo kọ́, ìwé owó ni mo sì ń yẹ̀ wò káàkiri. Ohun tí ẹ ó kà níhìn-ín kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà. Ó kàn lè jẹ́ kí ẹ mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi í.

Ọ̀nà tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀

Bí kíndìnrín bá kú tán, ọ̀nà mẹ́ta ni ìṣègùn ní. Ọ̀kan ni kí a gba kíndìnrín ẹlòmíràn sára. A kò ní sọ̀rọ̀ lé èyí lónìí. Èkejì ni kí a máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìkẹta ni kí a máa fọ ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn aláìsàn fúnra rẹ̀, nínú ilé rẹ̀.

Ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni ó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1981. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ó ní láti gba Àkùngbá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tàbí kí ó kọjá Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ lọ sí ibùdó ìtọ́jú kíndìnrín tí ó wà ní ìlú Oǹdó. Wákàtí 4 lórí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ni ìlànà. Ọ̀pọ̀ ni kò rí owó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dín owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ tí ó sọnù, àti oúnjẹ ẹni tí ó tẹ̀lé aláìsàn lọ kò sí nínú iye yẹn.

Ti inú ikùn ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú ikùn wa tí ó tẹ́ ògiri ikùn, tí ó sì tún bo ìfun àti ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní pẹritóníọ̀mù. Awọ ikùn ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ẹni tí ó bá ti ń pa ẹran ti rí i rí: òun ni awọ tí ó ń dán, tí ó rọ̀, tí ó di ìfun mọ́ra. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó awọ ara wa lódindi, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín sì kún inú rẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ yóò fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ikùn aláìsàn. Ìdí rẹ̀ yóò wà nínú, ẹnu rẹ̀ yóò yọ síta. Ẹnu rọ́bà yìí ni a ń gbà da omi mímọ́ tí ó ní ṣúgà àti iyọ̀ nínú, nǹkan bíi lítà 2, láti inú àpò rẹ̀ sí ikùn. Omi náà yóò jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa gba inú awọ ikùn bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó tú u dànù, a ó sì da tuntun sí i. Ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí sì ni pàṣípààrọ̀ kan ń gbà. Ẹlòmíràn ń so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́bàá ibùsùn ní alẹ́. Ẹ̀rọ náà yóò máa dà á, yóò máa tú u, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ganter, dókítà ará Jámánì kan, gbìyànjú rẹ̀ lára ènìyàn ní 1923. Ní 1968, Tenckhoff ṣe irú rọ́bà tí ó lè pẹ́ nínú ikùn. Ní 1976, Popovich àti Moncrief ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí aláìsàn fi lè máa ṣe é lójoojúmọ́ kí ó sì máa rìn káàkiri. Ní Hong Kong, láti 1985, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe ìtọ́jú, àfi bí ìdí bá wà tí kò fi yẹ aláìsàn. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ ti lo omi ìfọ̀jẹ̀ tí a ṣe ní Nàìjíríà fún un, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní UCH ní Ìbàdàn, wọ́n ti lò ó fún àwọn ọmọdé tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe é nílé fún ọdún pípẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa kò pọ̀, nítorí àpò omi náà wọ́n, kì í sì í sí nígbà gbogbo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni ẹnu àwọn ọmọ wa ní London tàbí ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ó ń kọ́ aláìsàn, ọkọ̀ ni ó sì ń já páálí omi sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ á pe bàbá rẹ̀ ní Ọ̀kà, á ní, "Bàbá, ẹ̀rọ alẹ́ ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n wa níbí, ara wọn sì ti le. Ẹ jẹ́ ká ra irú rẹ̀ fún yín." Bàbá á gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ẹgbẹ́. Ibi tí ó yẹ kí a ti dúró ronú nìyẹn, nítorí ohun tí ó bá awọ ikùn ẹnì kan mu lè má bá ti ẹlòmíràn mu rárá.

Ewúro nínú omi, iyọ̀ lára ẹja

Iṣẹ́ méjì ni omi inú ikùn ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ kìíní ni fífa ìdọ̀tí. Ẹ̀yin ìyá wa mọ bí a ti ń fọ ewúro. Bí a bá rẹ ewé náà sínú omi, kíkorò rẹ̀ yóò máa jáde títí omi yóò fi korò tó ewé. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti korò bákan náà, bí ẹ tilẹ̀ fi í sílẹ̀ di ọ̀la, kò sí ohun tí yóò tún jáde. Àfi kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ bu tuntun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe nínú ikùn. Ọ̀kan nínú ìdọ̀tí wọ̀nyí tí àwọn dókítà máa ń wọ̀n ni kiriatínínì, ẹ ó tún gbọ́ orúkọ rẹ̀ níwájú.

Iṣẹ́ kejì ni fífa omi. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kì í tọ̀ tó, omi a sì máa kún ara rẹ̀. Ẹ wo ẹja tútù tí a fi iyọ̀ pa lára: kò pẹ́ tí omi yóò fi máa sun láti ara rẹ̀. Iyọ̀ ni ó fà á jáde. Nínú omi ìfọ̀jẹ̀, ṣúgà ni ó ń ṣe iṣẹ́ iyọ̀ yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ṣúgà bá pọ̀ nínú omi ikùn ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ, yóò máa fa omi wá láti inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà pàápàá ń gba inú awọ kan náà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti wọlé tán, agbára fífà náà tán, omi tí ó ti jáde yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ara díẹ̀díẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni àpò omi tí ó wọ́pọ̀. Nínú èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù, ṣúgà jẹ́ 1.5 nínú 100; èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ 2.5, èyí tí ó nípọn jù jẹ́ 4.25. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí lítà 2: gíráàmù 30, gíráàmù 50 àti gíráàmù 85 nìyẹn. Bí horo ṣúgà onígun kan bá jẹ́ gíráàmù 5, àpò tí ó nípọn jù ní horo 17 nínú. Kí alátọ̀gbẹ fi èyí sọ́kàn.

Awọ kan náà, nígbà náà, ni ẹnu ọ̀nà fún ìdọ̀tí tí ń jáde àti fún ṣúgà tí ń wọlé. Bí ẹnu ọ̀nà bá gbòòrò, méjèèjì á yára. Bí ó bá há, méjèèjì á lọ́ra. Awọ tí ì bá yára fún ìdọ̀tí kí ó sì lọ́ra fún ṣúgà ni ì bá wu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n a kì í rí irú rẹ̀. Ohun tí ó sì ń mú awọ ẹnì kan yára ju ti ẹlòmíràn lọ ni bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. A kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Kò sí lọ́wọ́ ikùn ńlá tàbí ikùn pẹlẹbẹ.

Ẹni méjì, àpò mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Ìkàrẹ́, bàbá kan sì jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀kà. Ìwọ̀n ara wọn kò yàtọ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í tọ̀ mọ́. A fún wọn ní àpò mẹ́rin mẹ́rin lójúmọ́, lítà 2 kọ̀ọ̀kan, èyí tí ṣúgà rẹ̀ fẹ́lẹ́: mẹ́ta ní ojú ọ̀sán, ọ̀kan láti alẹ́ di òwúrọ̀. Awọ ikùn ìyá yìí yára. Ti bàbá lọ́ra.

Ìyá da omi alẹ́ sí ikùn ní agogo 9. Nígbà tí yóò fi di agogo 11, ìdọ̀tí tí yóò jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán, ṣúgà inú omi náà sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà títí di agogo 6 òwúrọ̀, ara rẹ̀ ń mu omi náà padà ni. Nígbà tí ó tú u, lítà 2 tí ó wọlé ti di lítà 1.7. Mílílítà 300 ti dúró sára. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ yóò wú, ẹ̀jẹ̀ ríru yóò gòkè, kò sì ní lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nítorí èémí. Àwọn ará ilé á ní omi ni ó ń mu jù, wọ́n á máa pa ife mọ́ fún un. Ohun tí ó tún burú ni pé bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, iye ìdọ̀tí lè dára, ẹni tí kò bá wò ju ìwé yẹn lọ yóò sọ pé kò sí nǹkan.

Ti bàbá yàtọ̀. Omi alẹ́ rẹ̀ wọlé ní lítà 2, ó jáde ní lítà 2.5. Ara rẹ̀ kò wú rárá, inú gbogbo ilé dùn. Ṣùgbọ́n bàbá jẹ́ ẹni tí ìpàdé pọ̀ fún, nítorí náà ó ń tú omi ọ̀sán dànù lẹ́yìn wákàtí méjì méjì kí ó lè jáde. Fún awọ alọ́ra, wákàtí méjì kò tó nǹkan. Ewúro kò tíì rọ̀ tí a ti da omi rẹ̀ nù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, oúnjẹ á korò lẹ́nu, èébì á máa gbé e, á máa tòògbé níbi tí ó ti ń ṣe alága. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, ta ni yóò tètè rò pé ó wà nínú ewu?

Àpò kan náà ni wọ́n lò, iye owó kan náà ni wọ́n san.

Ìdánwò wákàtí mẹ́rin

Ọ̀nà tí a fi ń mọ irú awọ tí ènìyàn ní ni ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní PET. Twardowski, dókítà ọmọ ilẹ̀ Poland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní 1987, òun náà sì ni wọ́n ń lò títí di òní. Kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Ohun tí ó nílò ni aago, òṣùwọ̀n, àti ilé àyẹ̀wò tí ó lè ka ìdọ̀tí àti ṣúgà.

Aláìsàn yóò da omi alẹ́ sí ikùn nílé, omi náà yóò sì jókòó fún wákàtí 8 sí 12. Bí kò bá ṣe èyí, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n sún ìdánwò síwájú. Kí ó má ṣe tijú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á tú omi yìí tán pátápátá. Wọ́n á wá da lítà 2 tuntun sí i, irú èyí tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 2.5, láàárín ìṣẹ́jú 10, aláìsàn á sì máa yí sọ́tùn-ún sósì lórí ibùsùn kí omi lè kan gbogbo awọ. Wọ́n á bu díẹ̀ wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á tún bù ú ní wákàtí kejì, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ nígbà náà. Ní wákàtí kẹrin, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì bu ti ìkẹyìn fún àyẹ̀wò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le ju ti èlé lọ. A ó mú iye kiriatínínì inú omi ní wákàtí kẹrin, a ó fi ti inú ẹ̀jẹ̀ pín in. Bí ti ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ 10, tí ti omi sì jẹ́ 8.5, èsì rẹ̀ ni 0.85. Bí ti omi bá jẹ́ 4.5, èsì ni 0.45. Èyí tí ó bá ju 0.81 lọ, awọ ayára ni. Èyí tí kò bá tó 0.50, awọ alọ́ra ni. Àwọn tó kù wà ní àárín, wọ́n sì pín àárín náà sí méjì ní 0.65. Àárín yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà.

Wọn kì í ṣe ìdánwò yìí ní ọ̀sẹ̀ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 kí awọ náà lè fara balẹ̀. Ẹ fi iye ọ̀sẹ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ owó.

Ètò tí ó bá awọ mu

Fún awọ ayára, omi kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ikùn. Òun ni ẹ̀rọ alẹ́ wúlò fún jù lọ: ní wákàtí 8 tàbí 9, ẹ̀rọ náà lè pààrọ̀ omi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kí ṣúgà tó ráyè wọlé tán. Ní ọ̀sán, ikùn lè wà lófo, tàbí kí wọ́n da irú omi mìíràn sí i tí a ń pè ní icodextrin. Omi yìí kò ní ṣúgà lásán nínú. Láti ara ṣitáàṣì àgbàdo ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó tóbi, kì í sì í tètè gba inú awọ kọjá, nítorí náà ó lè máa fa omi fún wákàtí 8 sí 16. Ẹ wo àgbàdo tí àwa ń fi ṣe ògì! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ìkìlọ̀ kan ń bẹ fún alátọ̀gbẹ tí ó ń lò ó: àwọn ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà kan wà tí omi yìí ń tàn jẹ, tí wọn yóò fi ka ṣúgà sókè ju bí ó ti rí lọ. Ẹni tí ó bá gún abẹ́rẹ́ lórí irú iye bẹ́ẹ̀ lè dákú. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà irú ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà tí ó bá a mu.

Bí kò bá sí iná fún ẹ̀rọ alẹ́, a tún lè fi ọwọ́ ṣe ètò awọ ayára. Dókítà lè ní kí ó máa pààrọ̀ omi ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ní ọ̀sán, kí ó sì fi icodextrin sùn tàbí kí ó sùn láìsí omi nínú ikùn. Iṣẹ́ ni, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi àpò tí ó nípọn jù máa bá awọ náà jà lójoojúmọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dín iyọ̀ àti máàgì kù gan-an, nítorí iyọ̀ ni ó ń mú òùngbẹ wá. Awọ ayára tún ń jẹ́ kí èròjà amúaradàgbà bọ́ sínú omi tí a ń tú dànù ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà ẹyin, ẹja àti ẹran adìẹ kì í ṣe afẹ́ fún un. Iye tí dókítà bá pè ni kí ó jẹ.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, fi hàn pé nínú àwọn tí ń fi ọwọ́ pààrọ̀ omi, awọ ayára ni nǹkan ń burú fún jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín ju bí ó ti yẹ lọ. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ alẹ́ àti icodextrin ti wọ́pọ̀ níbi tí agbára wà, ìyàtọ̀ náà ti dín kù.

Fún awọ alọ́ra, ìdàkejì ni. Kí omi pẹ́ nínú ikùn: àpò mẹ́rin tàbí márùn-ún, wákàtí 4 sí 6 ní ọ̀sán, gbogbo òru fún ti alẹ́. Bí ara ẹni náà bá tóbi, dókítà lè fi lítà 2.5 dípò 2. Ẹ̀rọ alẹ́ nìkan kò lè tó o, nítorí yóò máa tú omi dànù kí ó tó ṣiṣẹ́ tán. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó sanra púpọ̀ tí kò tọ̀ mọ́ rárá, ó lè di dandan kí ó lọ sórí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó wà ní àárín ní òmìnira jù. Ètò méjèèjì lè bá a mu, ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ bá gbà ni kí ó ṣe.

Awọ a máa yí padà

Èsì ìdánwò kì í ṣe ohun ayérayé. Bí kòkòrò bá wọ ikùn nítorí ọwọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa, awọ náà yóò gbóná, yóò sì di ayára fún ìgbà díẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé omi tí ó jáde kò mọ́ gaara mọ́, ó dàbí omidùn, ikùn sì lè máa dun aláìsàn. Kí ó gbé àpò náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Yàtọ̀ sí èyí, ọdún púpọ̀ nínú ṣúgà, pàápàá ṣúgà tí ó nípọn, a máa sọ awọ tí ó wà ní àárín di ayára díẹ̀díẹ̀. Ìyá tí omi rẹ̀ ń jáde dáadáa ní ọdún kìíní lè rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọdún kẹrin.

Àwọn dókítà ní òfin kan tí ó rọrùn láti rántí, mẹ́rin mẹ́rin mẹ́rin: bí a bá fi lítà 2 omi 4.25 sí ikùn fún wákàtí 4, tí àfikún tí ó bá a jáde kò sì tó mílílítà 400, agbára fífa omi awọ náà ti kùnà.

Nítorí náà, ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti òṣùwọ̀n kòkó rí kò nílò àlàyé púpọ̀. Kí aláìsàn wọn àpò kí ó tó dà á sí ikùn, nítorí ilé-iṣẹ́ a máa rọ ọ́ kún díẹ̀ ju iye tí wọ́n kọ sí i lára. Kí ó tún wọn èyí tí ó tú jáde. Kí ó kọ méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti irú ṣúgà, kí ó sì kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ láràárọ̀. Òṣùwọ̀n kékeré ni o, èyí tí ó lè ka gíráàmù 100. Ti kòkó kò lè ka èyí. Ìwé yìí ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ohun tí ó kan ìgbìmọ̀ owó yíyá

Mo ti rí ìwé ìtọrọ kan, ní ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n ti fẹ́ ra páálí omi ọdún kan lódindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú ṣúgà kan náà, kí rọ́bà tó wọ ikùn aláìsàn. Oníṣòwò kan ni ó sọ fún wọn pé owó yóò dín. Kí ni wọn ìbá ṣe bí ìdánwò bá sọ pé irú omi mìíràn ni ó yẹ? Omi ìfọ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ń bàjẹ́, kò sì sí aládùúgbò tí a lè tà á fún.

Èrò tèmi ni kí a pín irú owó bẹ́ẹ̀ sí méjì. Apá kìíní yóò wà fún iṣẹ́ abẹ, ẹ̀kọ́ aláìsàn àti omi oṣù méjì. Apá kejì yóò jáde nígbà tí ìwé ìdánwò bá dé, lórí ètò tí dókítà fọwọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀rọ alẹ́, kí ìgbìmọ̀ béèrè irú awọ tí aláìsàn ní. Bí ó bá jẹ́ awọ alọ́ra, kí ẹ bi dókítà pé kí ni ẹ̀rọ náà yóò ṣe fún un tí ọwọ́ kò lè ṣe. Bí ó bá jẹ́ awọ ayára, kí ẹ kọ owó bátìrì, ẹ̀rọ iná àti epo mọ́ iye náà, nítorí iná ìjọba kò dá ẹnikẹ́ni lójú láti agogo 9 alẹ́ di agogo 6 òwúrọ̀, yálà ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà. Kí ẹ sì béèrè ẹni kejì tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà nínú ilé, fún ọjọ́ tí àárẹ̀ bá mú aláìsàn.

Ti sísan padà ni ó le jù. Owó kòkó ní ìkórè, owó ọjà ní èrè; ìtọ́jú yìí kò ní ọjọ́ ìparí. Bí a bá yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó oṣù 12 lórí àìsàn tí kì í tán, àwọn onídùúró ni yóò san án, a ó sì pàdánù ẹni mẹ́ta dípò ẹnì kan. N kò fara mọ́ kí a máa fi èlé lé irú owó yìí. Àpò ìrànlọ́wọ́, tí olúkúlùkù ń dá díẹ̀ sí lóṣooṣù, ni ó yẹ kí ó gbé èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Kí owó yíyá sì mọ níwọ̀n ohun tí aláìsàn àti ìdílé rẹ̀ lè san láìta oko.

Ẹgbẹ́ tí ó bá ti ní irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí akọ̀wé ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un nínú fáìlì: ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, èsì ìdánwò rẹ̀, irú omi tí ó ń lò, àti ọjọ́ tí dókítà dá fún ìdánwò mìíràn. Kí ojú ewé náà wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí a má ṣe kà á jáde ní ìpàdé gbogboogbò. Bí èsì tuntun bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kí ìgbìmọ̀ pe ìdílé náà kí wọ́n tó sanwó páálí omi tí ó kàn.